Nótíìsì Tí Mo Fún Àwọn Ará Inú Ìfun Mi

Abà Àjíṣọlá,
Lẹ́yìn Ogbómọ̀ṣọ́.

Uswat ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ fákítírì Ìlúpéjú, mo sì tún kí ọ kú wàhálà mi nígbà tí inú mi wú nílé rẹ l'Ágége, tí o gbé mi dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ọ́ ṣàfẹ́kù. Ara ìyá rẹ le. Ewúrẹ́ wa bí méjì. Ojú ibi tí wọ́n là lára mi ti ń san, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o bá mi bi Dókítà Fọláyọ̀ tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Ẹnu ṣì ń yà mí sí ohun tó sọ. Ó ní àwọn ohun abẹ̀mí kan ń gbé inú ìfun gbogbo ènìyàn, wọ́n kéré débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lè jókòó sórí ẹyọ ìrẹsì kan. Ó ní inú ìfun ńlá ni ilé wọn gan-an, wọ́n ń bá wa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó wà nínú ìfun kékeré kò pọ̀, torí oúnjẹ kì í dúró níbẹ̀, bó ṣe ń ṣàn lọ ló ń gbá wọn lọ. Àfi ìgbà tí ìfun kékeré mi lọ́ pọ̀, tí ọ̀nà dí. Oúnjẹ dúró, omi dúró, ni wọ́n bá ń bí sí i, tí irú àwọn ará ìsàlẹ̀ náà wá kún òkè, tí afẹ́fẹ́ wọn ń fẹ inú mi bíi bọ́ọ̀lù. Ó ní díẹ̀ ló kù kí wọ́n gba ara ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀. Súbúhánalláhi! Uswat, èmi tí mo rò pé èmi nìkan ni mo ń sùn lórí ẹní mi! Wọ́n pọ̀ ju gbogbo èrò Agége àti Ìkẹjà lọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ó tilẹ̀ fi wọ́n hàn mí nínú fóònù tó rà ní Computer Village. Wọ́n rí gbọọrọ bí igi ìṣáná. Mo kí wọn pé ẹ kúulé o. Bí fóònù kékeré yẹn ṣe gba ara aṣọ àti awọ wo inú mi, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ó fún mi ní kápúsù ọjọ́ méje tí yóò pa àwọn tó ń dáràn. Mo lò ó ọjọ́ mẹ́ta, mo dá a dúró. Mo rántí bí láńdílọ́ọ̀dù yín ṣe fẹ́ lé Kazeem tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ, tí ẹ̀yin ayálégbé yarí pé kò tó bẹ́ẹ̀ láìfún un ní nótíìsì ọlọ́jọ́ méje. Ẹ̀dá Ọlọ́run tí kò lẹ́nu wá ńkọ́? Mo bá kọ ìwé, mo fọwọ́ sí i, mo kà á sí ìdodo mi sókè ketekete: ará ìfun ńlá, ẹ jókòó yín, ará ìfun kékeré, ẹ kó padà sísàlẹ̀ kí ọjọ́ méje tó pé.

Lọ́jọ́ kejì, ara mi gbóná, inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í le. Mo ní wọ́n ń kó ẹrù ni. Ìyá rẹ ní kí n lo kápúsù, mo ní nótíìsì kò tí ì pé. Obìnrin tí kì í bá mi jiyàn bú sẹ́kún, ó ní bí ilé bá wó, ta ni ayálégbé máa fi nótíìsì hàn? Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo bẹ àwọn ẹ̀dá náà pé kí wọ́n forí jì mí, mo sì gbé kápúsù náà mì. Nọ́ọ̀sì wa níbí ti yẹ̀ mí wò, ó ní kí n má dá a dúró mọ́, kí n sì tètè padà sọ́dọ̀ dókítà.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, tèmi àti ti ìyá rẹ. Owó ẹni méjì ni o. Mi ò ní sọ fún awakọ̀ iye èrò tí mo gbé. Kí o sì bi dókítà bóyá ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn mi. Mo fẹ́ wà láàyè, Uswat, mo fẹ́ ẹ gan-an ni. Ṣùgbọ́n láti àná, bí inú mi bá ti dún, ńṣe ni mo ń dákẹ́ fún wọn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun rere dúró lọ́nà kó má dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Làsísì.