Reino Lahti: Ọdún Mẹ́ta Lẹ́yìn Ẹ̀jẹ̀ Tó Dì Lọ́nà

Bàbá, òní ló pé ọdún mẹ́ta tí ẹ fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Òjò yìnyín tún ti bo ojú ọ̀nà.

Nígbà tí eegun yín kò lè pèsè ẹ̀jẹ̀ mọ́, ẹ̀yin lẹ kọ̀ láti máa lọ sí ọsibítù ìlú Duluth. Ẹ ní kí ẹ tó fi ọkọ̀ rin wákàtí mẹ́ta délé, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín á ti tán lára yín. Ni nọ́ọ̀sì Darlene bá ń gbé e wá bá yín nílé nínú kúlà, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ ó ní, "Darlene, ẹ̀jẹ̀ ta nìyí? Bó bá jẹ́ ti ará Suwídìn, gbé e padà o!" Ẹ fẹ́ràn láti máa fi wọ́n ṣàwàdà.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú yín, ọkọ̀ Darlene yọ̀ wọ kòtò, ẹ́ńjìnnì kú. Ó tó wákàtí méjì kí katakata tó fà á jáde. Gbígbọ̀n ló gbọ̀n wọlé, kò wọ kóòtù. Kúlà ló fi kóòtù wé. Ó wo ẹ̀rọ kékeré tó ń ka òtútù inú rẹ̀, ó mi orí.

"Ó ti tutù kọjá ààlà. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti dì, májèlé ni. Mi ò lè fà á sí wọn lára."

Aili, àkọ́bí yín, pariwo mọ́ ọn: "Ṣé ojú ẹ ni bàbá mi ó kú sí? Gbé e kọ́ jàre!"

Ẹ̀yin lẹ dá sí i: "Aili, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Po kọfí fún un. Ṣé o ò rí i pé ó ń gbọ̀n ni?"

Ẹ̀jẹ̀ mìíràn dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tutù bó ṣe yẹ. Ẹ ti lọ. Wákàtí kan péré lẹ fi ṣáájú rẹ̀, Bàbá! Wákàtí kan!

Eino ti kan òrùlé ilé ooru tí a ti ń wẹ̀ létí adágún parí. Ọmọ Sanni ti ń rìn. Reino ló ń jẹ́. Kúlà tuntun tí wọ́n ń lò báyìí máa ń ké bí inú rẹ̀ bá fẹ́ gbóná jù tàbí tutù jù.

Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, bí Aili bá rí Darlene ní ṣọ́ọ̀bù, á yà bàrá. Lóṣù tó kọjá ló lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé òótọ́ lo sọ. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀bi ẹnì kan ni."

Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, títí ọkọ Darlene fi kígbe láti inú ilé pé kí wọ́n tilẹ̀kùn, òtútù ń pa òun.

Ìjà ti parí, Bàbá, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà kò jinná. A ṣì ń se ọbẹ̀ ẹja ju iye wa lọ. Àárò yín ń sọ wá. A fẹ́ràn yín lánàá, a fẹ́ràn yín lónìí, a ò sì ní yé fẹ́ràn yín.

Àwa ọmọ yín: Aili, Eino àti Sanni.