Bẹ́ẹ̀dì Mi Tó Wà Nínú Fíìmù

Ar-Rusaifah, Mẹ́kà.

Hisham ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Jẹ́dà? Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń dìde kírun, alihamudulilai. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín àwọn tí ò ń darí. Jelilat, ọmọ Ìwó tó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn níbí, tí mo gbà sí yàrá ẹ̀yìn, ló ń bá mi kọ èyí, nítorí bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, obìnrin kan ló ń fi Lárúbáwá sọ pé o kò sí nítòsí. Mo kí i títí, kò dáhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Bí ìyàwó rẹ bá ni, wọn ò kọ́ obìnrin náà nílé.

Inú mi dùn pé o ti di múdíírì, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ fíìmù. Ìwọ tó ń ru wáyà fún àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó ní Karantínà, àdúgbò wa àtijọ́ ní Jẹ́dà, nígbà tí gbogbo wa ń sùn sí yàrá kan, ìwọ ni wọ́n ń dìde fún báyìí. Bàbá rẹ ìbá wà láyé kó rí i.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n ó sì sọ ọ́. Nígbà tí Rayan, ọmọ iṣẹ́ rẹ, gbé mọ́tò wá ṣáájú Ràmàdáánì, tó ní ìwọ lo rán òun wá kó ẹrù mi, ẹkún ayọ̀ ni mo sun. Mo ní ọmọ mi fẹ́ kó mi lọ sílé rẹ̀. Ó ní kí n tẹ ìka sí ìwé kan, mo sì tẹ̀ ẹ́, mo rò pé wọ́n fẹ́ yí àdírẹ́sì inú ìkáámà, ìwé ìgbélùú mi, padà ni. Mo dágbére fún gbogbo àdúgbò, mo kó ìkòkò mi fún Bushra tó ń gbé òdìkejì, mo wọ aṣọ tuntun, mo lọ jókòó síwájú mọ́tò. Rayan ló rọra sọ̀ mí kalẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀dì, ìró àti kẹ́tù àlùwàlá mi nìkan ni ẹ nílò fún fíìmù, pé ìwé ìyọ̀ǹda wọn ni mo tẹ ìka sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Jelilat fi fíìmù náà hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Obìnrin kan dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ró ìró mi, ó ń pe ọmọ rẹ̀, ọmọ kò wá, ó sì kú. Mo ní kí Jelilat pa fóònù náà, kí obìnrin yẹn lè sinmi. Wọ́n ní ìwọ náà sunkún níbi tí ẹ ti ń fi í han àwọn ènìyàn. O sunkún fún un, Hisham! Wákàtí kan àbọ̀ péré ni láti ọ̀dọ̀ rẹ dé ọ̀dọ̀ mi, ọdún kejì sì rèé tí mo ti rí ọ gbẹ̀yìn. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ tèmi gbé ọmú fún àlejò.

Jọ̀ọ́, fi owó bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́, orí ẹní ni mo ń sùn, ojú sì ń tì mí láti gba ìkòkò padà lọ́wọ́ Bushra. Bí ẹ bá tún ń wá ìyá tí yóò kú, ẹ má náwó sí i, mo wà nílẹ̀. Àmọ́ Jelilat ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ni obìnrin yẹn kú kó tó dára lójú yín. Tèmi, ẹ̀ẹ̀kan ni.

Ọlọ́run yóò gbé ọ ga ju báyìí lọ. Yóò jẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ sin mí, kó má jẹ́ Rayan ni wàá tún rán wá kó mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àlàájà Safiyya.