Pijó Bọ̀ọ̀dá Jàáfárù

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Jàáfárù pè láti Ìlọrin. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi ti bà jẹ́ kọjá àtúnṣe — egbò tó ní nígbà tó jábọ́ lórí ọ̀kadà kọ̀, kò jinná. Wọ́n máa gé e lọ́jọ́ kọkànlélógún. Ó fẹ́ rí mi kó tó dọjọ́ náà. Mo ní màá wá.

Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ká tapólì kúrò lórí Hájíà. Pijó 504 aláwọ̀ ewé ni, àwa la sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Mo fẹ́ wà á dé Ìlọrin. Ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Kí n kọ ọ́ síbí, nítorí ẹnu mi ò lè sọ ọ́. Lọ́dún 2014, nígbà tí ìbọn àwọn agbésùnmọ̀mí ò jẹ́ ká sùn lókè Ọya níbí, Bọ̀ọ̀dá kó ìyàwó àtọmọ lọ sílé ní Ìlọrin, ó fi Hájíà sílẹ̀ sí ìtọ́jú mi. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ní kí n wá awakọ̀ tó máa gbé e wá, òun fẹ́ fi ṣe kabúkabú. Mo ní iná ti jó o ní ọjà Gamboru, nígbà tí wọ́n kọlu ibẹ̀.

Irọ́ gbuu. Mo ń fi í kó ọjà lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Post Office. Mo lò ó títí ó fi dákú, mo wá fi tapólì bò ó.

Bọ̀ọ̀dá ra ọ̀kadà. Ọ̀kadà ló ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ṣéhù mẹkáníìkì wá. Eku ti jẹ wáyà. Ó tú kábúrétọ̀, erùpẹ̀ ló dà jáde. "Alhaji, mota ta tsufa" — ó ní mọ́tò ti darúgbó. Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò lè bá a rín in.

Ọjọ́ Jímọ̀, 10

Bátìrì tuntun. Kò sitáàtì.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Ó sitáàtì! Èéfín dúdú gba gbogbo àgbàlá. Qúdrát, ìyàwó mi, ń pàtẹ́wọ́ — ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo fẹ́ ẹ, ó rò pé tèmi ni. Mo ti ń yọ̀ kí n tó rántí. Ojú ayọ̀ náà tì mí.

Ọjọ́rú, 15

Bíréèkì. Táyà mẹ́rin. Mo wà á jáde ní Ngomari, àdúgbò wa, mo yí po, mo padà. Bọ̀ọ̀dá ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán awọ ìjókòó, lásìkò tí àwa méjèèjì jọ ń tún un ṣe nígbà tó kọ́kọ́ rà á. Okùn kan ò tíì já.

Mo ti ń ro irọ́ mìíràn: màá ní mo rí ọ̀kan tó jọ tiẹ̀ rà. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ síta nínú ọkọ̀, kí n gbọ́ bó ṣe máa dún. Astagfirulai.

Ọjọ́ Jímọ̀, 17

Ṣéhù ní ó ti yá. "Alhaji, takardun fa?" Ìwé ọkọ̀ — àwọn ṣójà á bèèrè rẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí Qúdrát bá mi wo inú àpótí. Àfi bí ẹni pé mo ti gbàgbé orúkọ ẹni tó wà lára ìwé náà.

Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé mi. "Bàbá Humaira, orúkọ ẹ̀gbọ́n yín ni mo rí níbí. Ṣebí ìyàwó wọn ní ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn pé ọkọ̀ wọn jóná?"

Kò pariwo. Ó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́. "Ẹ pè wọ́n."

Mi ò pè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Mo pe Bọ̀ọ̀dá lẹ́yìn ìrun Aílà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò wá àwáwí kankan. Ó wá ní, "Rasaq. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kírun kí n má dúpẹ́ pé ọkọ̀ ló jóná, kì í ṣe ìwọ."

Mo sunkún. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún.

"Má gbé e wá," ó ní. "Wọ bọ́ọ̀sì." Mo rò pé ìbínú ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó jágbe mọ́ mi: "Ọkọ̀ tó ti sùn tó yẹn! Tó bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́nà Damaturu, níbi tí àwọn oníbọn wà, ńkọ́?"

Ó pa fóònù.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Inú bọ́ọ̀sì. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Kò sì sọ pé òun ò ní dárí jì mí. Láti àárọ̀, ó ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń bèèrè ibi tí a dé.