Ẹ̀fọn Inú Táyà Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà, ìyá ọmọ,

Ṣé dáadáa lẹ wà, ìwọ àti ọkọ rẹ àti ọmọ-ọmọ mi tí mò ń fi ojú inú rí lójoojúmọ́? Àwa náà wà, a ń jẹ, a ń sùn, Ọlọ́run tó ń jí wa kò sì tíì bi wá pé kí la fẹ́ fi jíjí náà ṣe. Má rò pé mò ń bínú nítorí pé o ń pè mí tí fóònù mi ò dún. Ẹ̀fọn ló fà á. Màá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀, torí bí kì í bá ṣe pé ojú èmi gan-an ló rí i, n kì bá gba ara mi gbọ́.

O sọ nígbà tó o pè kẹ́yìn pé ọmọ kò ní wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa mọ́ àfi tí ẹ̀fọn bá kúrò nínú ilé, torí ibà tó kó lọ lọ́jọ́sí. N ò bá ọ jà. Èmi náà rí bó ṣe ń gbọ̀n lórí itan mi nínú oòrùn gangan. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ṣorí kunkun. Wọ́n ní ẹ̀fọn ìgboro ló jẹ ọmọ, pé ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ wa ni àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè jókòó.

Ìgbà yẹn ni wolé-wolé dé. Ọmọdébìnrin ni, ó wọ bàtà òjò, kò jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wolé-wolé a máa yọjú wo ìkòkò omi wa, tó bá ti rí tanwíjí, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń jó nínú omi, owó ìtanràn ni. A máa ń rò pé ó kórìíra ijó ni. Kò sẹ́ni tó sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí tanwíjí ṣẹ̀ fún wa. Èyí ò bu owó lé wa o. Ẹ̀yìn ilé ló gbà lọ tààrà, sídìí táyà bàbá rẹ.

O mọ àwọn táyà náà. Nígbà tí bàbá rẹ ta lọ́rì wọn, wọ́n ní kí ẹni tó rà á máa wa ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó fi àwọn táyà àtijọ́ sílẹ̀. Wọ́n tò wọ́n sẹ́yìn ilé bí àga àlejò, wọ́n ní táyà wọ̀nyẹn ló gbé ọ lọ sí iléèwé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó wọn dànù. Wolé-wolé yìí bu omi òjò inú ọ̀kan, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, tanwíjí kún un bí èrò ọjà. Ó ní ẹ̀fọn nìyẹn. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́. Wọ́n ní ṣé ohun tó ń lúwẹ̀ẹ́ ló máa fò, kó lọ bi ẹja léèrè.

Ọmọ náà ò jiyàn. Ó da omi náà sínú ìgò, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu rẹ̀, ó ní kí bàbá rẹ so ó fúnra wọn. O ṣáà mọ kókó tí wọ́n fi ń so ẹrù mọ́ lọ́rì, èyí tí kò sẹ́ni tó lè tú u àfi àwọn nìkan, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ara wọn ò yá, ńṣe ni ẹrù oníbàárà wà lórí ọkọ̀ títí ara wọn fi yá. Kókó yẹn gan-an ni wọ́n so. Wọ́n gbé ìgò sójú fèrèsé, wọ́n ní ká máa wò ó.

Mo wò ó. Ọbẹ̀ ń jóná, mò ń wò ó. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn tanwíjí dorí kodò, wọ́n na ìdí sókè omi, ọmọ náà sì ti sọ fún mi pé ìdí ni wọ́n fi ń mí. Nígbà tó yá, wọ́n ṣíwọ́ oúnjẹ, wọ́n ká kò bí ẹni tí inú ń run. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀yìn ọ̀kan là bí ẹni tó fẹ́ bọ́ ẹ̀wù, ẹsẹ̀ kan jáde, òmíràn tẹ̀ lé e, ó sì dìde dúró lórí awọ ara rẹ̀ lójú omi bí ẹni tó dúró nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Kò rì. Ìyẹ́ rẹ̀ ò tutù. Ó sinmi díẹ̀, ó sì fò. Ọmọ mi, mo kúnlẹ̀. N ò mọ ẹni tí mò ń kí, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀. Kí Ọlọ́run fara balẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ ọnà yẹn sára ohun tí à ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa!

Mo pariwo pe bàbá rẹ. Wọn ò wo ẹ̀fọn rárá, kókó ni wọ́n ń wò. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n fà á, wọ́n tún gbóòórùn rẹ̀. Kókó àwọn náà ni, ẹnikẹ́ni ò tú u. Wọ́n wọlé lọ, wọ́n wọ kakí tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀, wọ́n sì jáde sẹ́yìn ilé, wọ́n ń da omi táyà nù lọ́kọ̀ọ̀kan. N ò lọ bá wọn níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n ní eruku ló kó sí àwọn lójú. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni o.

Aránbàtà ló kó àwọn táyà lọ, ó ń fi wọ́n ṣe àtẹ́lẹ̀ bàtà. Ní báyìí, tí a bá pàdé èèyàn lọ́nà, bàtà ni bàbá rẹ ń kọ́kọ́ kí, kí wọ́n tó kí ẹni tó wọ̀ ọ́.

Wolé-wolé tún padà wá. Ó ní ká bo dúrọ́ọ̀mù, ká da àwọn agolo dojú dé. Ó wá ní abo ẹ̀fọn nìkan ló ń jẹ èèyàn, ẹ̀jẹ̀ ló fi ń tọ́jú ẹyin inú rẹ̀, pé akọ ò ju kó máa mu omi òdòdó lọ. Bàbá rẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n ń sọ fún gbogbo ayé pé ọkùnrin ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo bi wọ́n pé nígbà tí ìyá ń wá oúnjẹ ọmọ kiri, kí ni bàbá ọmọ ń ṣe nídìí òdòdó.

Ọ̀rọ̀ fóònù wá kàn. Wolé-wolé náà bá mi ta àwọ̀n ẹ̀fọn tó o fi ránṣẹ́ sórí ibùsùn. Fóònù ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ́ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, torí àwòrán ọmọ wà nínú rẹ̀, màá sì ki etí àwọ̀n bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yí ká. Bàbá rẹ ní fóònù ti gba àyè ẹsẹ̀ àwọn, ìta lẹsẹ̀ wọn ń sùn. Lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe ń gbé e wọlé báyìí, ẹ̀fọn bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ nínú àwòrán ojú fóònù. Mo rántí pé ìyá ni òun náà, àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Mo wá rántí bí ọmọ ṣe ń gbọ̀n. Mo gbá a. Ẹ̀fọn kú, fóònù náà kú. Ṣùgbọ́n má fòyà, kò ráyè jẹ ẹ́. Mo yẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò dáadáa kí iná tó kú.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi tún ojú fóònù ṣe, ká ra nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé, ká sì ra àwọ̀n fún ẹsẹ̀ bàbá rẹ. Tí kò bá lè ká gbogbo rẹ̀, fi fóònù sílẹ̀, ojú fèrèsé ni kó o ṣe. Ọmọ gan-an ni mo fẹ́, mo ti wo àwòrán tó.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín níbi tí ojú mi ò dé. Ibà ò ní mọ ọ̀nà ilé yín, ìwọ náà yóò sì dàgbà dé ibi tí ọmọ rẹ yóò ti máa ránṣẹ́ sí ọ.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Táyà kan ṣẹ́ kù. Bàbá rẹ fi irin gbígbóná lu ìdí rẹ̀ ní ihò kí omi má baà dúró, wọ́n so ó mọ́ igi ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú kókó wọn yẹn, wọ́n ní jangirọ́fà ọmọ ni. Tí òjò bá ti dá, wọ́n á lọ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó máa ń gbẹ. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, inú rẹ̀ ni wọ́n wà, wọ́n ń fì síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn ń bá a dán an wò ni. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń dán an wò. Mú ọmọ wá kó wá gbà á lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ti mọ tanwíjí lójú.