Kẹ̀kẹ́ Tí Ọkọ Mi Ń Wá Roof Rack Fún Kò Sí Nílé Mọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á tán ná. Irọ́ ni mò ń pa fún ọkọ mi láràárọ̀, lórí roof rack, irin tí wọ́n ń dè mọ́ orí mọ́tò láti fi gbé kẹ̀kẹ́. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín o, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín tí kì í bá ṣe ilé mi ló ti ń ṣẹlẹ̀...

Accra níbí ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, ọmọ Alátà ni wá, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí nìyẹn, Kotobabi là ń gbé, mo ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọdé ní Adabraka. Office lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ni ayé ẹ̀. Every Saturday òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á gun òkè Aburi, wọ́n á padà dé, wọ́n á máa pariwo bí ọmọ ilé ìwé. Rofiat ọmọ wa náà ti ń gun kékeré tiẹ̀, ìdí tó fi ń wá roof rack nìyẹn, kó lè kó kẹ̀kẹ́ méjèèjì àti báàgì bọ́ọ̀lù ọmọ náà sórí mọ́tò kí wọ́n jọ máa lọ. Kò tíì rà á tó fi ṣubú. Ó ń sọ̀kalẹ̀ láti Aburi ni táyà iwájú yọ̀, ó fi ẹ̀yìn gbá etí gọ́tà.

Dọ́kítà pe èmi àti Alhaji, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, sí kọ̀rọ̀, ó ní okùn tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ò ní rìn mọ́. Alhaji ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún un. Ó wá kọjú sí mi, ó ní ìyàwó kì í fẹnu ara ẹ̀ sọ irú ẹ̀ fún ọkọ, pé tí n bá fi lè sọ ọ́, ẹnu mi ló mú un ṣẹ. Alhaji ló tọ́ ọkọ mi dàgbà, òun ló wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, kí ni mo fẹ́ sọ? A ní ẹ̀yìn ló wú, tó bá ti rọlẹ̀, á dìde. Ó gbà wá gbọ́. Yé, Ọlọ́run mi, ó gbà wá gbọ́!

Èyí tó burú jù nìyí... Nígbà tó ṣì wà ní ọsibítù, Alhaji ní kẹ̀kẹ́ yẹn ò gbọdọ̀ sun ilé wa mọ́, ká fi ṣe sàárà kí aburú bá a lọ. Èmi yìí ni mo fọwọ́ ara mi tì í dé ọ̀dọ̀ Alfa ní Cow Lane, mi ò sọ fọ́kọ mi. Mo rò pé bóyá Ọlọ́run á gba kẹ̀kẹ́ kó dá ẹsẹ̀ padà... Wọ́n gbé e fún ọkùnrin kan tó ń kiri búrẹ́dì. Ó máa ń gùn ún kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tó bá rí mi á bọ́ sílẹ̀, á máa ṣàdúrà fún mi ní Hausa, èmi náà á máa ṣe àmín, àmín, omi á ti lé ròrò sójú mi. Mi ò sì lè ní kó gbé e wá, ta ló ń gba sàárà padà?

Àtìgbà tó ti wálé, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà pẹ̀lú fóònù, roof rack ló ń yàn. Tí mo bá gbé wáákyè wá, kò ní jẹun, á ní kí n wá wò ó. Ó ní ọ̀kan wà tí wọ́n máa ń yọ táyà iwájú kí wọ́n tó gbé kẹ̀kẹ́ sí i, ó ní ìkejì ní apá tó ń di ara kẹ̀kẹ́ mú, táyà ò ní kúrò... Ìyá Rofiat, èwo ni ká mú? Gbogbo èyí tó bá yàn ni mò ń bà jẹ́. Mo ní eléyìí á ha ọ̀dà mọ́tò. Mo ní apá tọ̀hún tín-ín-rín, á kán. Mo ní mo dé ọjà Abossey Okai, wọ́n ní ó ti tán, bẹ́ẹ̀ mi ò débẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ni mo jókòó sí. Mo tiẹ̀ parọ́ mọ́ géètì wa, mo ní mọ́tò ò ní gba abẹ́ irin ẹ̀ wọlé. Torí bí kò bá tíì rí èyí tó wù ú, kò ní bèèrè kẹ̀kẹ́. Á bínú, á ní èmi tí mi ò lè gun kẹ̀kẹ́ yìí, àṣejù mi pọ̀, lẹ́yìn náà á rẹ́rìn-ín, á tún máa wá òmíì.

Monday ló rí ọ̀kan tí mi ò rí àbùkù ẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní kó sọ bí kẹ̀kẹ́ ṣe wúwo tó, kó mọ̀ bóyá irin yẹn á gbé e. Ọkọ mi ní kí n mú scale lọ sí store. Ó kọ́ mi bí n ṣe máa ṣe é, kí n kọ́kọ́ gun scale lọ́wọ́ òfo, kí n tún gbé kẹ̀kẹ́ dání gùn ún, kí n yọ tàkọ́kọ́ kúrò. Mo lọ. Mo tilẹ̀kùn. Mo gun scale lọ́wọ́ òfo, mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ibi tí kẹ̀kẹ́ máa ń wà, òróró chéènì ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀... Mo sunkún tán, mo nujú, mo jáde lọ pe nọ́ńbà kan fún un. Inú ẹ̀ dùn! Ó ní herh, ó fúyẹ́ tó báyẹn? Ló bá sanwó.

Saturday ni wọ́n ń bọ̀ wá dè é. Ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó síta, òun fẹ́ fọwọ́ ara òun na kẹ̀kẹ́ náà sí ẹni tó máa gbé e sókè, pé ọwọ́ òun ò kúkú ṣe nǹkan kan. Rofiat ti fọ tiẹ̀, ó ti gbé e ti mọ́tò. Mo pe Alhaji, ó ní kí n ní wọ́n jí i gbé. Chale, tí n bá ní wọ́n jí i, ọkọ mi á ra òmíì, mo mọ ọkọ mi!

Mepa mo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ará ibí, ẹ má kàn kọ ọ́ pé á dáa, mo ti gbọ́ ìyẹn sú. Kò sí èyí tí mo máa sọ tí kò ní pa á lára, tí n bá sì dákẹ́, Saturday á sọ ọ́. Ẹ ṣáà bá mi dá sí i, èwo ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un... ṣé kẹ̀kẹ́ ni, àbí ẹsẹ̀?