Àṣekágbá Tí Mo Wò Lọ́jọ́ Kejì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Wọ́n ti gba ife náà padà. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ nìyẹn, kí n tó kí yín, kí n tó sọ pé ara mi le. Àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà ti gba ife àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà padà, ní Mòrókò, lọ́wọ́ àwọn onílé gan-an. Gbogbo ayé ń sọ pé ẹ̀ẹ̀kẹwàá nìyí. Èmi mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiyín, ẹ̀ẹ̀kejìlá ni.

Mi ò tíì rí ẹni tó ń ka iye ife yẹn bí ẹ ṣe ń kà á. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ bá jókòó sórí àga ìdáná, tí ẹ fi orí mi há àárín orúnkún yín láti dirun fún mi, ìtàn ìdíje yẹn lẹ fi máa ń mú mi jókòó jẹ́ẹ́. Láti iwájú orí lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1991, nígbà tí kò tiẹ̀ sí ìlú kankan tó gbàlejò, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń lọ bá ara wọn nílé. Ọdún 1995, bákan náà. Lẹ́yìn náà 1998, tí wọ́n pe gbogbo wọn jọ fún ìgbà àkọ́kọ́, tó sì jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni wọ́n pè wọ́n sí. Ẹ ní ẹ pọ̀n mí lọ wo eré kan, mo sì sùn títí wọ́n fi parí. Àwọn oníròyìn máa ń fo méjì àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n á ní 1998 ni ìdíje náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìdíje. Ẹ̀yin ò gbà. Ẹ ní ṣé àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù láwọn ọdún yẹn kì í ṣe èèyàn ni? Tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ọwọ́ yín á le, irun á sì máa dùn mí.

Mo dàgbà kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Ẹ ti gbá bọ́ọ̀lù rí ní Abẹ́òkúta, ẹ̀yìn lẹ máa ń dúró sí, kí bàbá yín tó sọ pé ọmọbìnrin tó ti tó wọlé ọkọ kò gbọdọ̀ máa fi ṣòkòtò péńpé sáré kiri lójú àwọn ọkùnrin. Àwọn ọdún tí wọ́n ń fò yẹn ni ọdún tí ẹ̀yin náà ì bá wà níbẹ̀. Ṣé ẹ bínú sí bàbá yín títí dọjọ́ ikú? Ẹ ò sọ ọ́ rí, èmi náà ò sì bi yín.

Ọdún 2000 la dé Dublin ní ilẹ̀ Ireland, tí a wá bẹ̀bẹ̀ fún ibi ìsádi, èmi ọmọ ọdún mẹ́ta lẹ́yìn yín. Wọ́n gbá àṣekágbá tọdún yẹn ní Gúúsù Áfíríkà, eré náà ò tiẹ̀ parí, torí àwọn òǹwòran ń ju nǹkan sórí pápá. Ẹ ò gbọ́ títí ọjọ́ mélòó kan fi kọjá, tí ẹnì kan ní ilé tí wọ́n kó wa sí sọ fún yín pé àwọn ọmọ wa ló gbà á. Ẹ ní ọjọ́ yẹn lẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ní ìlú yìí. Lọ́dún 2008 tí Equatorial Guinea gbà á lọ́wọ́ wa, ẹ ò dáná. Búrẹ́dì la jẹ. Lọ́dún 2012 tí wọ́n tún gbà á, mo ti mọ̀, mo ti ra búrẹ́dì sílẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti sin yín nígbà òtútù, mo ti kó kúrò ní Ballymun wá sí ilé yín ní Mulhuddart, nínú Dublin kan náà. Mo rò pé ilé náà á bá mi sọ̀rọ̀. Kò sọ nǹkan kan. Bọ́ọ̀sì ṣì ń pẹ́ bó ṣe ń pẹ́. Mo ṣì wà ní èbúté, mò ń yẹ ìwé àwọn onítírélà wò kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Holyhead ní ilẹ̀ Wales. Èèyàn rẹpẹtẹ ló ń kọjá níwájú fèrèsé mi lójúmọ́, kò sí ẹni tó ń pe orúkọ mi. Tí mo bá délé, mo máa ń kí inú ilé kí n tó tan iná. Ẹ káalẹ́ mà. Ta ni mò ń kí? Àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí wá lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, wọ́n gbé oúnjẹ wá, lẹ́yìn náà kálukú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n mo lè lo odidi ọ̀sẹ̀ kan báyìí kí Yorùbá má jáde lẹ́nu mi. Bóyá ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún yín. Lọ́dún 2022, nígbà tí àwọn ọmọ wa fẹ́ bá Mòrókò gbá ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ẹ pè mí pé kí n wá ká jọ wò ó. Mo ní mo máa wà lẹ́nu iṣẹ́. Irọ́ ni. Mi ò níṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn rẹ̀ mí ni, bọ́ọ̀lù sì ti sú mi láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá, nígbà tí mò ń gbá a, tí ẹ máa ń dúró sétí pápá nínú òjò, tí ẹ ń fi Yorùbá pariwo mọ́ mi lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, tí mo fi ní kí ẹ má wá mọ́. Ẹ ò sì wá mọ́. Kò pẹ́ tí èmi náà fi pa bọ́ọ̀lù tì.

Lọ́jọ́ kejì ẹ pè mí. Ẹ ní wọ́n lé méjì jáde nínú àwọn ọmọ wa, pé àwọn mẹ́sàn-án tó kù gbìyànjú títí ó fi di pẹnárítì, ibẹ̀ ni Mòrókò ti borí wọn. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè pé iṣẹ́ ńkọ́. Mo ní ọwọ́ wa dí gan-an. Ẹ ní, “O kú iṣẹ́, ọmọ mi.” Ìdíje tí ẹ rí kẹ́yìn nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé mo máa wo tọdún yìí. Ọjọ́ Sátidé ni àṣekágbá bọ́ sí, iṣẹ́ sì wà lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, mi ò rẹ́ni bá mi dúró. Mo pa fóònù mi láti ọ̀sán kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ fún mi, mo ní màá wo gbogbo rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Sunday. Láàárọ̀ Sunday, mílíìkì nìkan ni mo jáde lọ rà. Ọkùnrin Yorùbá tó máa ń wà nídìí owó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn rí mi, ó la ẹnu.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ fún mi.”

Ó pa ẹnu dé, ó rẹ́rìn-ín. Mo ru ẹ̀rín yẹn délé, mò ń wò ó bóyá ẹ̀rín ayọ̀ ni tàbí ti àánú.

Mo tan eré náà. Mòrókò ju bọ́ọ̀lù méjì sáwọ̀n wa kí ìdajì kìíní tó gbóná. Méjì sí òdo. Mo wá gbà pé ẹ̀rín àánú ni. Mo na ọwọ́ kí n pa tẹlifíṣọ̀n náà. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé mo ti jẹ́ kí ẹ dá jókòó ti ìyà lẹ́ẹ̀kan, mi ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó. Ní ìdajì kejì, bọ́ọ̀lù kan ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn, rẹfirí lọ wo àwòrán rẹ̀, ó fún wa ní pẹnárítì, ó wọlé. Kò pẹ́, òmíràn wọlé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọ àárín láti ẹ̀gbẹ́, ọmọ wa kan fi ẹsẹ̀ bá a pàdé, ó wọlé. Màmá, mo kígbe. Mo fò. Mo pe orúkọ yín.

Lẹ́yìn náà mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan ń gé koríko nínú ọgbà rẹ̀, kò gbójú sókè. Kò sí hóónù, kò sí ariwo níbì kankan. Gbogbo ẹni tó máa yọ̀ ti yọ̀ lánàá.

Ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Ìyá Ṣọ́ọ̀nù ni, ará Ireland tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wa àti tiẹ̀ níyà, tí ọmọ rẹ̀ wà ní Ọsirélíà, tí ẹ̀yin fi orúkọ ọmọ yẹn pè títí ó fi ń jẹ́ ẹ. Ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wọlé.

“Ṣé kò sí, ọmọ mi? Mo gbọ́ igbe.”

“Kò sí mà. Bọ́ọ̀lù ni.”

Ó wo tẹlifíṣọ̀n. “Ṣé ti àwọn ọmọbìnrin ìyá rẹ ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó, mo sì lọ po tíì. Ìgbà tí mo gbé e dé ló sọ ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò.

“Ìgbà tó kẹ́yìn, èmi àti ìyá rẹ la jọ wò ó. Mo pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀, ó ń ti Ballymun bọ̀, ó gbé ike áísìkirimù kan dání, ó kún fún ẹ̀wà tí ẹ máa ń lọ̀ yẹn.”

“Mọ́ínmọ́ín.”

“Òun náà ni. Ó ní òun gbé e lọ sílé rẹ kí o bá a níbẹ̀ tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó wá rí ọ lójú fèrèsé, o ń sùn. Kò fẹ́ jí ọ. Ó ní iṣẹ́ yẹn ti pọ̀ jù fún ọ. A jẹ ẹ́ tán, èmi àti òun, níwájú ìdajì kejì. Ó gránd, ó dùn dáadáa, ó kàn ta díẹ̀ ni.”

Màmá, mi ò sùn. Mo rántí ìrọ̀lẹ́ yẹn dáadáa. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ṣí i sílẹ̀ nítorí ooru, mò ń bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mò ń rẹ́rìn-ín. Báwo lẹ ṣe pẹ́ tó níbẹ̀? Kí ló dé tí ẹ ò kanlẹ̀kùn? Lọ́jọ́ kejì tí ẹ béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, tí mo ní ọwọ́ wa dí, tí ẹ kí mi kú iṣẹ́, kí ló wà lọ́kàn yín?

Mo lọ sí ìdáná, mo ṣí omi sílẹ̀ kó máa dà. Mo fọ ife tí kò dọ̀tí. Nígbà tí mo padà, Ìyá Ṣọ́ọ̀nù ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa ń dùn ún lé orí tìmùtìmù.

Ó ní, “Ta ló wá borí?” Kí n tó la ẹnu, ó gbé ọwọ́ sókè. “Rárá, má sọ ọ́. Ìyá rẹ kò ní gbà. Ṣé a ò lè wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀? Ìdajì kejì nìkan ni mo bá lọ́jọ́sí.”

Mo yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó tì í. Ó ń béèrè orúkọ wọn, mo ń sọ fún un, ó ń pè é bó ṣe lè pè é. Nígbà tí àwọ̀n wa mì lẹ́ẹ̀kejì, ó gbá ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

Ó ní, “Ó ti parí nìyẹn, àbí?”

Ó ń wo ojú mi, ó fẹ́ rí ìdáhùn níbẹ̀. Mo jẹ́ kó di ọwọ́ mi mú, mo sì tẹjú mọ́ àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù padà sí àárín pápá.

Èmi ọmọ yín kan ṣoṣo, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.