Ìrẹ̀ Tí Mo Jẹ Lójú Àwọn Oníbàárà

Òkè ṣọ́ọ̀bù wa,
Iwájú ọgbà àwọn mẹkáníìkì,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ṣé orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti gbọ́ oògùn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́ nínú gígun òrùlé fúnra rẹ̀, àbí ó ṣì rò pé ọmọ ogún ọdún lòun? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ? Mo gbọ́ pé ọmọ tuntun náà fi ojú jọ ọ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó fi ọ̀yàyà jọ ọ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kó má fi ariwo ẹ̀rín jọ ọ́ o, nítorí àwọn aládùúgbò. Ní tiwa, a wà, a sì ń jẹun. Baba àwọn ọmọ mi ní kí n kí ọ, ikọ́ rẹ̀ ti lọ. Ara èmi náà le, àfi ẹ̀yìn tó máa ń dùn mí bí mo bá dá gbé páálí ọṣẹ. Ẹ̀bi mi ni, n kò fẹ́ sanwó fún alábàárù.

Má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ rò fún ọ látòkèdélẹ̀, jókòó kí o tó kà á. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti jẹ kòkòrò. N kò sọ pé kòkòrò bọ́ sínú oúnjẹ mi o. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ẹ́ ni, lójú gbogbo ènìyàn, lórí káńtà mi.

O mọ àbíkẹ́yìn mi obìnrin. Ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ tó ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá wọlé. Dípò kó wá iṣẹ́ mìíràn, ńṣe ló kó àwọn àpótí ike wálé, ó ní ìrẹ̀ lòun fẹ́ máa sìn. Mo ní, “Ìrẹ̀ wo?” Ó ní, “Ìrẹ̀ náà ni, Màámi, èyí tó ń ké nínú koríko.” Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní àwọn ènìyàn ń jẹ ẹ́ bí ìpápánu, pé wọ́n á yan án, wọ́n á fi iyọ̀ àti ata sí i, pé àwọn tó lówó gan-an ló sì ń wá a kiri báyìí. Ibi tó ti dárúkọ àwọn tó lówó ni mo ti dẹ etí sílẹ̀ díẹ̀.

Mo yọ̀ǹda yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fún un, èyí tí ayálégbé wa kó kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí. Yàrá tí kò mú nǹkan wọlé kì í jẹ́ kí n sùn. Aránṣọ kan sì ti ń wá béèrè rẹ̀, obìnrin tó mọ́ tónítóní, irú èyí tó máa ń sanwó kí a tó rántí béèrè. Mo wá sọ fún ọmọ mi pé kó lo yàrá náà títí oṣù yóò fi parí. Bí ìrẹ̀ rẹ̀ bá tà ní ṣọ́ọ̀bù, kó máa bá a lọ. Bí kò bá tà, aránṣọ yóò kó wọlé. Òun náà ní kò burú, pé bí kò bá tà, òun á lọ bá ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin, tó ti bá òun rí iṣẹ́ sí ilé ìtajà ńlá kan lọ́hùn-ún. O mọ bí ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé ṣe jìnnà tó. Láti ìgbà tó ti lọ, ohùn rẹ̀ nínú fóònù nìkan ni mo ní. Mo fẹnu sọ pé ó dára. Inú mi kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yìí nìkan ló kù nílé, Ẹlẹ́rìn-ín. Òun ni a jọ máa ń sín àwọn oníbàárà jẹ bí a bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán.

Kí n má purọ́ fún ọ, n kò lè kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn. Màá ṣe bí ẹni ń wá ìgbálẹ̀, ojú mi á sì wà nínú àpótí. Àwọn páálí tí wọ́n fi ń kó ẹyin ló tò sínú wọn, ibẹ̀ ni àwọn ìrẹ̀ ń sá pamọ́ sí. Kì í bu omi fún wọn nínú nǹkan kan, nítorí omi inú ọmọrí ìgò lásán lè gbé wọn lọ. Fóòmù tútù ló máa ń tẹ́ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á sì máa fa omi inú rẹ̀ mu. Èèpo káróòtì tí mo ti ń dànù láti ọjọ́ tí mo ti ń dáná, òun ni oúnjẹ wọn. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an. Mo bi í pé ṣé gbogbo wọn ló ń pariwo báyìí. Ó ní rárá, akọ nìkan ló ń ké, abo kì í sọ̀rọ̀. Baba rẹ̀ gbọ́ láti pálọ̀, ó ní, “Ẹ wo ilé ayé! Ó wu èmi náà kí n jẹ́ ìrẹ̀.”

Bí wọ́n bá dàgbà tán, á kó wọn sínú firísà, wọ́n á sùn lọ, wọn kò ní jí mọ́. Mo ní kó fi ọ̀rá méjì dì wọ́n, nítorí ẹran mi wà nínú firísà yẹn. Lẹ́yìn náà, á fọ̀ wọ́n, á bọ̀ wọ́n, á wá yan wọ́n títí wọ́n á fi gbẹ. Ó di wọ́n sínú ọ̀rá kéékèèké tó dán, àwọn kan oníyọ̀ àti ata, àwọn kan olóyin. Bí o bá rí wọn lókèèrè, wàá rò pé ẹ̀pà ni.

Ibi tí wàhálà wà rèé. O mọ òfin ṣọ́ọ̀bù mi: ohun tuntun tí n kò bá tíì tọ́ wò, n kò ní tà á. Bí bisikíìtì tuntun bá dé, èmi ni mo ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lórí káńtà, màá sì sọ bó ṣe rí. Bí kò bá dùn, màá sọ pé kò dùn, ẹni tó gbé e wá á sì gbé e padà. Ìdí nìyí tí àwọn mẹkáníìkì òdìkejì títì àti àwọn olùkọ́ ilé ìwé ẹ̀gbẹ́ wa fi ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọjà mi kò wọ́n, kò sì pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ẹnu mi ni wọ́n ń rà.

Nítorí náà, ó di dandan kí n jẹ ìrẹ̀. Mo kọ́kọ́ dán an wò ní ìkọ̀kọ̀ ní kíṣínì. Mo mú ọ̀kan, mo wò ó, òun náà wò mí. Ó ní ojú, Ẹlẹ́rìn-ín! Gbogbo ohun tí mo ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, kò sí èyí tó ń wò mí bẹ́ẹ̀, àfi ẹja, ẹja sì ti mọ́ mi lára. Mo dijú, mo sọ ọ́ sẹ́nu, mo fi tíì gbé e mì gbùúrù. Ó kọjá. Mo ní, ah-ah, àṣé kò le.

Ní àárọ̀ Sátidé tó ṣáájú ti àná, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kún, ọmọ mi to ọjà rẹ̀ sórí káńtà. Ó wọ aṣọ tó dára. Mo ṣe bí mo ti ṣe ní kíṣínì: mo sọ ọ̀kan sẹ́nu, mo fi tíì lé e. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin olùkọ́ kan tí a ń pè ní Tíṣà ti mú ọ̀rá kan, ó ti ń tú pọ́ọ̀sì rẹ̀.

Mẹkáníìkì kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Lọ́yà, nítorí kì í gba nǹkan kan láìjiyàn. Ó ní, “Ìyá wa, ẹ dákun, ẹ ò jẹ ẹ́ o. Tíì lẹ mu.” Ẹ̀rín sọ. Ó ní, “Mo ń wo ọ̀fun yín. Bí ẹni gbé oògùn orí fífọ́ mì ni. Ó dáa, ẹ sọ fún wa, kí ló dùn bí?”

Ọmọ mi rọra sọ sí mi létí pé, “Màámi, ẹ sáà sọ pé ó dùn bí ẹ̀pà.”

Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀pà ti dé orí ahọ́n mi. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gbà mí gbọ́, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà mí. Wọ́n á rà á, wọ́n á délé, bí kò bá wá dùn bí ẹ̀pà, ẹnu wo ni màá fi ta bisikíìtì fún wọn mọ́? Bí mo bá sì sọ pé n kò mọ̀, ọmọ mi ti lọ nìyẹn. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ojú Lọ́yà.

Mo ní, “Lọ́yà, òótọ́ lo sọ. N kò mọ bó ṣe dùn. Mo gbé e mì ni.”

Tíṣà rọra dá ọ̀rá tó mú padà sórí káńtà. Ojú ọmọ mi pọ́n. Mo ní, “Ẹ gbé àga wá fún mi.” Mo jókòó, mo gbé tíì jìnnà sí ara mi, mo mú ìrẹ̀ mìíràn, mo yẹ̀ ẹ́ wò tẹ̀yìn-tiwájú. Apá rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gún wínníwínní bí eyín ayùn. Mo fi í sẹ́nu, mo sì rún un.

Ó fọ́ kàràkàrà. Ó kọ́kọ́ gbẹ bí èèpo ẹyin, ẹ̀rù bà mí pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀rá díẹ̀ yọ, iyọ̀ tẹ̀ lé e, ó wá ń ta sánsán bí àgbàdo yíyan tó jó díẹ̀ létí. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e mì, ó tún yí padà, ó dà bí edé. Ó yà mí lẹ́nu. Mo tún mú òmíràn kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣì í. N kò ṣì í.

Mo ń sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Mo ní, “Ó dára, ó dà bí àgbàdo níbẹ̀rẹ̀, bí edé lópin. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń há sí eyín, ó sì ń gún ìdí ahọ́n.” Ọmọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ káńtà. Mo mú olóyin. Mo rún un lẹ́ẹ̀kan, mo rọra tu ú sínú áńkáṣíìfù. Mo ní, “Èyí kò dára. Ó dà bí ẹni da ṣúgà sínú ọbẹ̀ ẹja. N kò ní tà á.” Ó tún tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lọ́yà ní irọ́ ni, kò lè dùn bí edé. Mo ní, “O ṣe mọ̀, ìwọ tí o kò jẹ ẹ́?” Ó ní kí n mú un wá. Ó jẹ ẹ́, ó ń wo òkè àjà. Ó ní, “Ẹ ò rí nǹkan! Edé kọ́ nìyí. Etí búrẹ́dì tó jóná ni.”

Tíṣà ní, “Ẹ fi Lọ́yà sílẹ̀, epo ọkọ̀ ti pa á láhọ́n. Ẹ jẹ́ kí èmi tó ní ahọ́n tọ́ ọ wò.” Ó jẹ tirẹ̀, ó ní ẹ̀dọ̀ ló dùn bí. Ẹ̀dọ̀ kẹ̀! Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo wọn ti ya wèrè, kí wọ́n fún òun náà. Ariwo sọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pe èkejì ní aláìmọ̀-adùn. Nígbà tí mo rí i pé àwọn ìrẹ̀ fẹ́ parí sínú iyàn jíjà, mo na ọwọ́ sókè, mo ní ìtọ́wò ọ̀fẹ́ ti tán. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ jiyàn, kó ra tirẹ̀.

Wọ́n rà á, Ẹlẹ́rìn-ín. Lọ́yà ra méjì, ó ní òun fẹ́ lọ fi bá ìyàwó òun jiyàn.

Síbẹ̀, inú bí ọmọ mi. Ó ní mo bú ọjà òun lójú ayé. Ó kó àwọn olóyin wọ inú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán kọjá, ó jáde wá pẹ̀lú abọ́ ìrẹ̀ kan, ó gbé e kalẹ̀ síwájú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹsẹ̀ wọn. Èmi náà bá a yọ ọ́. Ó ní, “Màámi, ṣé lóòótọ́ ni olóyin burú tó bẹ́ẹ̀?” Mo ní, “Ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bo àṣírí rẹ ni.” Ó gbìyànjú láti máa bínú lọ, kò ṣeé ṣe. A rẹ́rìn-ín títí abọ́ fi fẹ́ dà nù.

Má rò pé a ti di olówó o. Bàbá arúgbó kan tó máa ń ra tíì láràárọ̀ ti kọ̀ wá sílẹ̀, ó ní òun kò lè mu tíì níbi tí wọ́n ti ń ta kòkòrò. Ó dùn mí, oníbàárà tó ń sanwó lójú ẹsẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò mọ ọ̀nà ibí tẹ́lẹ̀ ti ń yọjú, wọ́n á ní àwọn wá wo ìyá tó jẹ ìrẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti wò mí tán, ojú á tì wọ́n láti lọ lọ́wọ́ òfo.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì sọ fún un pé kó sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé. Bá mi gbé ọmọ tuntun náà mọ́ra. Kí àbúrò rẹ obìnrin, sọ fún un pé àwo mi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣì ń rántí rẹ̀.

Haa, n kò tíì sọ ti aránṣọ fún ọ! Ó wá ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí, ó ti mú owó yàrá dání, ó dì í sínú àpòòwé bó ṣe yẹ. Mo wo owó náà dáadáa, má fi mí ṣẹ̀sín. Owó tó dájú ni, ti ìrẹ̀ kò sì dájú. Ọmọ mi wà nínú yàrá, ó ń bá àwọn ohun ọ̀sìn rẹ̀ wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Mo tẹ́tí sí i fún ìgbà díẹ̀. Mo wá sọ fún aránṣọ pé kó má bínú, àwọn ayálégbé ti wà nínú yàrá yẹn. Ó ní kò burú, ṣé wọ́n pọ̀ ni? Mo ní n kò lè sọ, wọn kì í dúró lójú kan kí n kà wọ́n.

Tìrẹ ni mo jẹ́, ní òjò, ní ẹ̀ẹ̀rùn,

Aṣọ́wóná.